Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì «join»

Inú èdè Látìn ni join ti ṣẹ̀ wá. Ó gba inú èdè Faransé kó tó wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá ni òun àti junction, ìyẹn oríta.

Yorùbá máa ń wo ohun tí a fẹ́ so pọ̀: a ń rán aṣọ mọ́ aṣọ, a ń kan pákó mọ́ pákó, a ń jó irin mọ́ irin. Join gba gbogbo wọn.

Ṣọ́ra! Torí pé à ń sọ pé “ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin”, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ She joined with the choir. She joined the choir ló yẹ. Ṣùgbọ́n tí a bá so nǹkan kan mọ́ òmíràn, to máa ń wọlé: Join this rope to that one.