Èdè-Ìperí fún Ìdarí Omi Òjò Lójú Ọ̀nà Ọkọ̀ Oníkọnkéré: Àpẹẹrẹ láti Ìgànná

1. Ìfáárà

Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ètò náà fi hàn pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, bí a bá ti lè fún ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Nínú bébà yìí, a fẹ́ yẹ iṣẹ́ kan wò tí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ́lé, èyíinì ni bí a ti ń darí omi òjò lójú ọ̀nà ọkọ̀ tí a da kọnkéré sí láti ẹnu géètì dé iwájú ilé.

Ìgànná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà ní agbègbè Òkè-Ògùn, ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀; ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó gba ìyókù ọdún. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, ilẹ̀ ti gan, kì í sì tètè fa omi mu. Síbẹ̀, ilẹ̀ lásán a máa mu díẹ̀. Kọnkéré kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu nǹkan kan. Gbogbo omi tí ó bá bọ́ lé e lórí ni ó gbọ́dọ̀ ríbi gbà.

Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe inú iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. 'Gọ́tà' ni a ń pe ohun tí a kàn mọ́ etí òrùlé. 'Gọ́tà' ni a ń pe ọ̀nà omi inú ọgbà. 'Gọ́tà' náà sì ni ti ẹ̀bá títì. Bí onílé bá sọ fún bíríkìlà pé kí ó 'ṣe gọ́tà', èwo ni kí ó ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

2. Bí omi náà ti pọ̀ tó

Kí á tó sọ orúkọ ohun tí yóò gba omi, ó yẹ kí á mọ bí omi náà ti pọ̀ tó. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò tí ó ga ní mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 1 lóròó, mítà 1 níbùú, omi lítà 1 ni.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ọ̀nà ọkọ̀ kan gùn ní mítà 15, ó sì fẹ̀ ní mítà 4. Ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 60 níbùú-lóròó. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 3,000 ni, èyí tí yóò kún dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí òrùlé páànù ilé náà bá jẹ́ mítà 120 níbùú-lóròó, tí ó sì ń da omi tirẹ̀ sójú kọnkéré kan náà, lítà 6,000 tún kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ di dúrọ́ọ̀mù 45. Ìdá méjì nínú mẹ́ta omi yìí ni ó ti orí òrùlé wá. Ẹni tí ó bá ro ti kọnkéré nìkan ti fi èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀.

3. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá

(a) Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: omi tí ń ṣàn bọ́ láti etí òrùlé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kò sì sí ìdí tí a ó fi pa á tì. Ohun tí a kàn mọ́ etí òrùlé láti gbà á ni a pè ní ọpọ́n-ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

(b) Àgbàrá: omi òjò tí ilẹ̀ kò mu, tí ń ṣàn lórí ilẹ̀.

(d) Poro: ọ̀nà omi tí a là sínú ọgbà ilé. Àwọn àgbẹ̀ ni ó ni ín. Poro ni wọ́n ń pe àárín ebè méjì, ibi tí omi ń gbà kọjá. 'Gọ́tà' yóò wá kù fún ti ẹ̀bá títì nìkan, èyí tí í ṣe ti gbogbo ìlú.

(e) Ìdagẹ̀rẹ́: bí ojú ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ kí á lo 'ìpele', ṣùgbọ́n ìpele ń tọ́ka sí ohun tí ó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àtẹ̀gùn. Ìdagẹ̀rẹ́ kò ní ibi tí ó ti já. Bí a bá kọ ọ́ ní 1:50, kí olùkọ́ má ṣe kà á sí 'ìdá kan nínú àádọ́ta', nítorí ọmọ yóò rò pé ohun kan ni a gé sí wẹ́wẹ́. Kí ó kà á báyìí: 'ìsọ̀ 1 fún ìrìn 50'.

(ẹ) Ẹ̀yìn-ahun: ojú ọ̀nà tí àárín rẹ̀ ga, tí ó sì da omi sí ọ̀tún àti òsì.

(f) Kòtò amumi: kòtò tí a kó òkúta sí kí omi òjò lè máa ti inú rẹ̀ wọlẹ̀. Kí á má ṣe pè é ní sọkawéè, nítorí ti ilé ìgbẹ́ ni a mọ̀ mọ́ orúkọ yẹn, omi méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé.

4. Bí a ó ti lo àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́

Ibi tí omi yóò parí ìrìn rẹ̀ sí ni a kọ́kọ́ ń yàn, kì í ṣe ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fún ọ̀nà ní ìdagẹ̀rẹ́ tí ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ìsọ̀ 1 fún ìrìn 50 dára. Fún mítà 15, ìsọ̀ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Bíríkìlà lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ gaara, tí a bu omi sí, mọ ibi tí ó bára dọ́gba ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ó tó wá sọ okùn apá géètì kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Omi inú rọ́bà kì í parọ́. Ojú kọnkéré sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ.

Bí ilẹ̀ bá dà sí apá ilé dípò géètì, ìdagẹ̀rẹ́ nìkan kò tó. A ní láti la poro dábùú iwájú ilé, kí á sì fi àtẹ irin bò ó kí ọkọ̀ lè gbà á kọjá. Poro tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó sì jìn bẹ́ẹ̀, tó fún omi tí a ṣírò lókè yìí, bí òun náà bá ti ní ìdagẹ̀rẹ́ 1:100.

Ní ti kòtò amumi, kí á kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. A ó gbẹ́ ihò kékeré, a ó pọn omi kún un, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó tún pọn òmíràn sí i, a ó wá wo bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó fà. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí omi ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ náà kò yẹ. Kí kòtò náà fi mítà 5, ó kéré tán, jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Kòtò tí ó jẹ́ mítà 2 ní gbogbo ìhà gba lítà 8,000, ṣùgbọ́n bí òkúta bá ti kún un, àlàfo tí ó kù fún omi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nítorí náà ni ó fi dára kí ọpọ́n-ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ da omi òrùlé sínú táńkì. Ohun tí ìbá wó ilé ní oṣù kẹsàn-án yóò di omi ìfọṣọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

5. Omi àti aládùúgbò

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tí kò gbà fún un lè tì í sí ilé ẹlòmíràn. Níbi tí ilé sìmẹ́ńtì àti ilé alámọ̀ ti ń gbé pọ̀, ewu ńlá ni èyí, nítorí ìdí ògiri amọ̀ ni àgbàrá ń jẹ kí ogiri tó wó lójijì. Èyí tí ó sì pọ̀ nínú ìlú kì í ṣe eré. Ní 31 oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè ní Ìbàdàn, ó gba ẹ̀mí púpọ̀. Ní 26 oṣù kẹjọ, 2011, omíyalé mìíràn tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ilé tí a kọ́ sí ojú omi àti ìdọ̀tí tí a dà sí i wà lára ohun tí ó mú un le. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọnkéré ilé kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ kún ẹrù tí odò ń rù.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò wà lẹ́nu àgbẹ̀ àti àgbà ilé tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí á so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun kan ṣoṣo. Bí olùkọ́ bá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ilé kan, kí ó sì kọ ọpọ́n-ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ìdagẹ̀rẹ́, poro, kòtò amumi àti gọ́tà sí àyè wọn, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣètò ìrìn omi kí a tó po sìmẹ́ńtì. Kọnkéré tí ó bá ti gan kò ṣeé tún dà láìfọ́. Lórí ìwé ni ó ti yẹ kí omi kọ́kọ́ ṣàn.