Omi lábẹ́ ojú irin

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo àwa tá à ń gbé, tá a sì ń tajà lẹ́bàá ojú irin tó ti Kutonu gba Bohicon àti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Parakou. Kìlómítà 438 ni, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni ilẹ̀ ti le lábẹ́ rẹ̀. Kó tó dé Bohicon, ó gba àfonífojì Lama, níbi tí ilẹ̀ dúdú ti ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Èdè Potogí ni orúkọ yẹn, "ẹrẹ̀" náà ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti po ẹrẹ̀ ilé rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù léraléra, omi á máa sun sókè, ilẹ̀ á sì rọ̀. Ohun tí ọkọ̀ ojú irin ń ṣe nìyẹn.

Àlàfo kéékèèké wà láàárín iyẹ̀pẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á fara ti ara, á gbé ẹrù. Lẹ́yìn òjò ńlá, omi á kún àlàfo yẹn. Kẹ̀kẹ́ irin méjì tó kọjú síra lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lè ru ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Bó bá tẹ ilẹ̀, omi á fẹ́ sá, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í jẹ́ kó tètè kọjá, kẹ̀kẹ́ mìíràn sì ti dé. Omi á wá máa ti iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ á rọ̀ bí ògì.

Ẹrẹ̀ yẹn á gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ gòkè. Wọ́n kó òkúta yẹn síbẹ̀ kí omi lè ráyè ṣàn, kí ẹrù sì tàn ká. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, omi ò lọ mọ́, ọkọ̀ tó tún kọjá á tún fa ẹrẹ̀ sí i. Ojú irin á rì lápá kan, ọkọ̀ á máa mì, ó sì lè yẹ̀ kúrò lójú irin.

Eré náà ń dá kún un. Ní Ledsgård, ní Swídìn, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ tó ń sá bíi kìlómítà 200 ní wákàtí kan kọjá lórí amọ̀ rírọ̀. Ilẹ̀ mì débi pé wọ́n ní kí ọkọ̀ dín eré kù, lẹ́yìn náà ni wọ́n po ohun tó ń mú ilẹ̀ le, bíi sìmẹ́ǹtì, mọ́ amọ̀ náà. Ọkọ̀ tiwa ò sá tó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni omi ń ṣe.

Kí ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ilẹ̀ sí ojú àgbàrá tó gba abẹ́ ojú irin. Tó bá dí, omi á dúró sábẹ́ irin, ẹ̀fọn tó ń kó ibà ranni á sì máa pamọ síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọdé máa kó òkúta ojú irin lọ kọ́lé. Tẹ́ ẹ bá rí ẹrẹ̀ láàárín òkúta, tàbí irin tó ń lọ sókè sódò bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ẹ tètè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.