Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àwọn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Kéékèèké

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ orúkọ àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe nínú ara. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ a máa gba inú àwọn iṣan ńláńlá kọjá, a sì bọ́ sínú àwọn iṣan tín-ínrín. Àwọn iṣan tín-ínrín wọ̀nyí ni oníbodè ara. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń kọ ebè, wọn a fẹ̀ ní apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀; nígbà tí ó bá sinmi, wọn a tún fún. Bí ojú iṣan bá fi ìdajì dín kù, agbára tí yóò ti iye ẹ̀jẹ̀ kan náà gba ibẹ̀ yóò di ìlọ́po 16.

Kí ni ó ń mú kí iṣan fẹ̀? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó bo inú iṣan. Ní ọdún 1980, Robert Furchgott, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá ha awọ yìí kúrò, oògùn tí í máa mú iṣan fẹ̀ kò ní lè mú un fẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a wá mọ̀ pé awọ náà a máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde, tí a ń pè ní nitric oxide, èyí tí ń dẹ iṣan. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a fi fún òun àti Ignarro àti Murad ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998.

Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹ̀jẹ̀ a máa lu awọ yìí kíkankíkan tọ̀sán-tòru títí yóò fi bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó wúlò a dín kù, ògiri iṣan a nípọn, ojú rẹ̀ a há, kò sì ní lè fẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Bí iṣan kò bá sì fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a túbọ̀ ru sí i. Ọpọlọ, ẹyinjú, ọkàn àti kíndìnrín ni ó ń jìyà rẹ̀. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ àti ojú fífọ́ ti ń wá.

Ohun tí ó burú jù ni pé àrùn náà kì í sábà dunni. Ọ̀pọ̀ aláìsàn a sì pa oògùn tì nígbà tí ara bá tù wọ́n, láìmọ̀ pé oògùn náà ni ó ń ṣọ́ iṣan wọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà, kí olúkúlùkù àgbàlagbà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, kí ó tọ dókítà lọ. Kí a dín iyọ̀ kù, kí a jáwọ́ nínú sìgá, kí a máa rìn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì dá oògùn rẹ̀ dúró láìgba àṣẹ dókítà.