Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ KAN TÍ A Ń ṢÌ LÒ: DISPUTE

Bí bàbá kan ní Arámọ̀kọ tàbí ní Ìjerò bá rí i pé aládùúgbò rẹ̀ ti gbin kòkó kọjá ibi tí pẹ̀rẹ̀gún ààlà wà, a pe ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀wé pé kí ó bá òun kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Nígbà púpọ̀ ọmọ náà a kọ ọ́ pé fight ń bẹ láàrin àwọn méjèèjì. Fight ni kí ènìyàn méjì máa na ara wọn. Ẹni tí yóò ka ìwé náà kò gbọ́ ohun tí bàbá fi ẹnu sọ; ohun tí ó rí nínú ìwé ni yóò bá lọ. Yóò béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀ràn ilẹ̀ ni kí ó béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe ń dúró bí oníjà.

Quarrel pàápàá kò tọ́. Asọ̀ ni quarrel, ìbínú sì wà nínú rẹ̀. Argument ni àríyànjiyàn, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe kí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n dispute ni kí ẹni méjì tàbí ìlú méjì máa wí pé ti àwọn ni ohun kan, tí a kò sì tí ì parí ọ̀ràn náà. Wọ́n lè máa kí ara wọn láràárọ̀, kí wọ́n jọ jẹ oúnjẹ Olúwa nínú ìjọ kan náà, kí dispute sì wà láàrin wọn síbẹ̀.

Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Putare, tí ó wà nínú rẹ̀, ni kí a ré ẹ̀ka igi kí ó lè mọ́. Ó sì tún jẹ́ kí a ṣírò, kí a gbèrò. Ẹni tí ó ti ré kòkó rí yóò mọ̀ pé ẹ̀ka tí ń jẹ oúnjẹ igi lásán ni a ń gé, a kì í gé igi lulẹ̀.

Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ọ̀rọ̀ yìí ni a lò fún Pọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ Tíránù (Ìṣe 19:9). Òun náà ni a lò fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí wọ́n jiyàn lójú ọ̀nà pé ta ni yóò pọ̀ jù (Máàkù 9:34), tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí Olúwa bi wọ́n.

Ogun Kírìjì, tí ó gba orúkọ lára ìró ìbọn ńlá, kì í ṣe dispute. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, nígbà tí Ẹni-ọ̀wọ̀ Samuel Johnson àti Ẹni-ọ̀wọ̀ Charles Phillips ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó Ìbàdàn dé ibùdó Èkìtìparapọ̀, ohun tí ó wà níwájú wọn ti di dispute: ìlú wo ni yóò dá dúró, níbo sì ni àwọn Mọdákẹ́kẹ́ yóò máa gbé? A fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí ibùdó tó tú.

Ẹni tí yóò kọ̀wé nítorí ààlà oko, kí ó kọ ọ́ pé boundary dispute. Kí ó dárúkọ igi tàbí odò tí ó jẹ́ ààlà, ọdún tí a kọ́kọ́ ro oko náà, àti àgbà tí ó fi ààlà hàn. Bí ẹnìkan bá sì lu ẹnìkejì ní tòótọ́, ìwé mìíràn ni kí ó kọ fún ìyẹn.