Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Wíwá Àwọn Babańlá Wa Nínú Ìwé Ìsàmì

Ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gúnlẹ̀ sí èbúté Lẹ́kí báyìí. Èbúté náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ṣùgbọ́n etíkun yìí ti mọ ọkọ̀ òkun tipẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló forí lé, Lẹ́kí sì wà lára ibi tó ti ń ṣòwò. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú láti Èkó lọ sí Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì.

Àwọn kan nínú wọn padà wá sílé. Púpọ̀ dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní 1835. Àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀ títí Bràsíìlì fi fòpin sí ìkónilẹ́rú ní 1888. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, l'Ékòó. Lára wọn ni ìdílé da Silva, Pereira, Martins àti da Rocha. Bí ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá ń gbé Àjáh tàbí Ìbẹ̀jù lónìí, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tó bí bàbá bàbá rẹ̀?

Kí ló wà nínú ìwé ìsàmì?

Láti ìgbà ìpàdé ńlá tí Ìjọ Àgùdà ṣe ní Trent, tó parí ní 1563, ni ìjọ ti pàṣẹ pé kí àwọn fadá máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá sàmì fún sínú ìwé. L'Ékòó, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló kọ́kọ́ ń kó àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá jọ gbàdúrà. Àwọn fadá wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1868.

Ìlà kan nínú ìwé ìsàmì máa ń sọ ọjọ́ ìsàmì, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, bàbá àti ìyá ìsàmì, àti fadá tó ṣe é. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà dáadáa. Bí ẹni náà bá ṣègbéyàwó nígbà tó yá, wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìjọ tí wọ́n ti ṣe é. Ìjọ yẹn ni kí ẹ tún lọ.

Ní Bahia, èdè Potogí ni wọ́n fi kọ ìwé ìsàmì. "Padrinho" ni bàbá ìsàmì, "madrinha" ni ìyá ìsàmì. "Escravo" ni ẹrú, "forro" ni ẹrú tó ti gba òmìnira. "Nagô" ni wọ́n ń kọ fún ọmọ Yorùbá.

Ẹ tẹ̀lé ènìyàn, ẹ má tẹ̀lé orúkọ nìkan

Ẹrú tó gba òmìnira sábà máa ń jẹ́ orúkọ ìdílé olówó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni méjì lè máa jẹ́ da Silva kí wọ́n má bára tan rárá. Bí orúkọ bá pọ̀ tó báyìí, bàbá àti ìyá ìsàmì ni kí ẹ fi dá ènìyàn yín mọ̀, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ àti ará tó sún mọ́ òbí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é.

Ìwé ìjọ àti ìwé ìjọba ni onímọ̀ ìtàn Lisa Earl Castillo fi tọpasẹ̀ ọmọ Yorùbá kan, Bámgbóṣé Obítíkò, tí wọ́n mọ̀ sí Rodolfo Martins de Andrade ní Bahia. Ó rí ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ní Bahia àti l'Ékòó. Òkun pín ìdílé náà sí méjì, ìwé sì fi hàn pé ọ̀kan ni wọ́n.

Bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀

1. Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè. Ẹ kọ orúkọ, oríkì àti àdúgbò sílẹ̀.
2. Ẹ wá káàdì ìsàmì àwọn òbí yín. Orúkọ ìjọ wà lórí rẹ̀.
3. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọ náà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wo ìwé. Ẹ mú ọdún tí ẹ rò pé wọ́n ṣe ìsàmì náà dání.
4. Bí ọ̀nà bá dé Bahia, àwòrán ìwé ìjọ ibẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti ọ̀dọ̀ ara yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fo ìran kan lè gba babańlá ẹlòmíràn mọ́ra.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìlà kan nínú ìwé ìsàmì máa ń sọ?
2. Kí ló fà á tí orúkọ ìdílé nìkan kò fi tó?
3. Ẹ kọ orúkọ àwọn òbí àgbà yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èwo ni ẹ kò mọ̀? Ta ni ẹ lè bi?