Ìmọ́lẹ̀ Àìrí àti Ìmọ̀ Òkúta

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ní ààlà. Ní ọdún 1800, William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìtànṣán oòrùn sí àwọ̀ bí ti òṣùmàrè, ó sì fi tẹmómítà wọn ooru wọn. Nígbà tí ó gbé tẹmómítà náà kọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun, ooru ibẹ̀ tún ju ti pupa lọ. Ìmọ́lẹ̀ àìrí yìí ni à ń pè ní infrared.

Kí ni èyí kan òkúta? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi, a sì ń fi máíkírómítà wọn gígùn ìgbì rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ni ó wà nínú mílímítà kan. Bí oòrùn bá ràn sí ilẹ̀, òkúta kọ̀ọ̀kan a gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ náà mì, a sì dá ìyókù padà. Amọ̀ a máa gbé èyí tí ó tó nǹkan bí 2.2 mì, òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì a máa gbé ti nǹkan bí 2.3. Nítorí náà, òkúta méjì tí ó jọra lójú wa lè yàtọ̀ gédégédé nínú infrared.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì Terra sí òfurufú. Ẹ̀rọ ASTER, tí àwọn ará Jàpáánì ṣe, wà lára rẹ̀, a sì ṣe é láti pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 14. Mẹ́fà nínú wọn, àwọn tí ó ń dá amọ̀ mọ̀ jùlọ, dẹ́kun iṣẹ́ ní ọdún 2008. Síbẹ̀ àwọn àwòrán tí wọ́n ti yà ṣáájú kò parun. Ní Cuprite, ilẹ̀ gbígbẹ kan ní Nevada ní Amẹ́ríkà, irú ẹ̀rọ báyìí ti fi ibi tí kaolinite àti alunite wà hàn. Omi gbígbóná tí ó la òkúta kọjá ní ayé àtijọ́ ni ó sọ ọ́ di wọ́n. Irú omi bẹ́ẹ̀ a sì máa gbé wúrà wá nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ara òkúta nìkan ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe inú rẹ̀. Níbi tí igbó bá bo ilẹ̀, ewé ni ẹ̀rọ rí, kì í ṣe òkúta. Ẹni tí ó bá gbẹ́lẹ̀ nítorí àwòrán nìkan lè ná owó àti agbára rẹ̀ lásán. Ó di dandan kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, kí ó fi òòlù fọ́ òkúta, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí yóò di olùkọ́, bí ẹ bá ń fi àwòrán ilẹ̀ han àwọn ọmọ, ẹ mú wọn jáde lọ sí ibi àpáta pẹ̀lú. Àwòrán ń fi ọ̀nà hàn ni. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ni yóò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni.