Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Bá Ọkọ tàbí Aya Rẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ọmọ mi, nílé wa, ènìyàn ní í jẹ́rìí sí ìgbéyàwó. Alága ìjókòó jẹ́rìí, alága ìdúró jẹ́rìí, onílù tí a náwó fún náà jẹ́rìí. Ní Ìlú Ọba, ìwé ni ẹlẹ́rìí. Òṣìṣẹ́ tí yóò dá ẹjọ́ físà rẹ kò bá wọn jẹun níbi ìyàwó rẹ, ó sì ṣeé ṣe kó má fojú kàn ọ́ rárá. Ohun tó bá rí nínú fáìlì nìkan ló mọ̀ nípa yín.

1. Kí o tó ṣe ohunkóhun, béèrè irú ìwé tí ẹnì kejì rẹ fi ń gbé ọ̀hún. Má tijú, má sì jẹ́ kó fi ẹ̀rín bo ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Britain, tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú gbére, ọ̀nà tọkọtaya ṣí fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti Oṣù Kìn-ín-ní 2024 kò lè mú ọ wá, àfi bó bá ń ṣe oyè ìwádìí bíi PhD, tàbí tó jẹ́ pé ìjọba ló rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó gba físà iṣẹ́ títọ́jú arúgbó lẹ́yìn tí òfin yí padà ní 11 Oṣù Kẹta 2024 náà kò lè mú aya tàbí ọmọ wá. Àwọn kan ti ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rántí béèrè èyí.

2. Ẹ ti gbọ́dọ̀ rí ara yín lójúkojú. Bí ọkọ kò bá sí nílé, a máa ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga níbi ìdána, kí àbúrò rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹbí á gbà á, ijó á sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì pàdé rí, òfin wọn kò ní í gbà yín wọlé. Lẹ́yìn ìdána, ẹ ṣe ti kóòtù, kí ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́.

3. Yẹ orúkọ rẹ wò lẹ́tà kan sí èkejì. Ibí yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Pásípọ́ọ̀tù pè ọ́ ní Oluwaseun, ìwé ìgbéyàwó pè ọ́ ní Seun, NIN ti gbé orúkọ bàbá síwájú, ìwé ìbí sì ní ọjọ́ mìíràn. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni ọ́. Ta ni yóò sọ fún òṣìṣẹ́ yẹn? Tún un ṣe kí o tó san owó físà, nítorí àtúnṣe ní ọ́fíìsì ìjọba wa kì í yá. Bó bá ṣe pé o ti fẹ́ ẹlòmíràn rí, wá ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Pé ẹbí ti dá owó orí padà nìkan kò tó.

4. Owó ẹni tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n ń wò, kì í ṣe owó oṣù tìrẹ ní Èkó. Láti 11 Oṣù Kẹrin 2024, ẹni tó ń béèrè fún ìgbà àkọ́kọ́ nílò kí ẹnì kejì rẹ̀ máa gba ó kéré tán £29,000 lọ́dún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oṣù ló ń ṣe, ìwé owó oṣù àti ìwé báńkì oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, títí dórí kọ́bọ̀. Owó ìwòsàn wà lọ́tọ̀, £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan; £3,105 ni fún físà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni ẹ máa san gbogbo rẹ̀. Bí wọn kò bá fún ọ ní físà, wọn á dá owó ìwòsàn padà. Owó físà ti lọ nìyẹn.

5. Ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò. Ti Gẹ̀ẹ́sì, yálà kí o ṣe ìdánwò tàbí kí o gba ìwé lọ́wọ́ Ecctis, àjọ tó ń jẹ́rìí sí oyè, lórí oyè yunifásítì rẹ.

6. Tọ́jú ẹ̀rí ìfẹ́ yín láti ìsinsìnyí. Ọgọ́rùn-ún fọ́tò nínú aṣọ ẹbí ọjọ́ kan ṣoṣo kò níyì tó mẹ́wàá tó tàn ká ọdún mélòó kan. Ìpè WhatsApp láti oṣù dé oṣù, owó tí ẹnì kejì rẹ fi ránṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà tó wá kí ọ nígbà tí ìyá rẹ ṣàìsàn: ìwọ̀nyí ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yàrá kún un o. Kò sẹ́ni tó béèrè.

7. Àjẹ́ǹtì lè bá ọ tẹ fọ́ọ̀mù físà, ìwọ lo ń buwọ́ lù ú. Ka gbogbo rẹ̀. Bí Canada bá ti fi físà dù ọ́ rí, kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n máa ń béèrè. Ẹni tó bá sọ pé òun á bá ọ ṣe ìwé báńkì, gba fáìlì rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

8. Má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, má sì ta ṣọ́ọ̀bù. Bí ìdáhùn bá sì burú, má fi ìbínú san owó mìíràn. Ka ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọjọ́ 28 lo ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti ilẹ̀ òkèèrè.

9. Físà àkọ́kọ́ oṣù 33 ni, lẹ́yìn náà wọn á tún béèrè ẹ̀rí. Nítorí náà, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé ilé àti owó iná láti oṣù tó o bá dé. Ohun kan sì wà tí a kì í sọ níbi ìdána. Bí ẹnì kejì rẹ bá ń lù ọ́, tàbí tó ń fi físà halẹ̀ mọ́ ọ pé òun á dá ọ padà sílé, òfin ọ̀hún fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú nítorí irú ìyà bẹ́ẹ̀ láàyè láti béèrè ìwé ìgbélùú gbére lórúkọ ara rẹ̀. Ọkùnrin pẹ̀lú wà nínú òfin yìí. Má fi pásípọ́ọ̀tù rẹ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọkọ ni o, ìyá ọkọ ni o.